Ta Ni Nọ́ńbà Yìí Máa Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀ Lọ́dún Tó Ń Bọ̀?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́, ì báà jẹ́ ìdí ìrànlọ́wọ́ oníbàárà ni wọ́n fi yín sí, ì báà sì jẹ́ àárín àwọn tó ń dán áàpù wò kó tó jáde, ìbéèrè kan wà tí ẹ máa gbọ́ títí tó máa sú yín: "Ṣé mo lè fi nọ́ńbà ìgbà díẹ̀ ṣí àkáǹtì yìí?" Nọ́ńbà tí èèyàn kàn fẹ́ fi gba kóòdù fúngbà díẹ̀, tí kì í ṣe èyí tó ń lò lójoojúmọ́, ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, ìdáhùn tí àwọn ọ̀gá wa kọ́ wa ni "Rárá," ó parí. Èmi kì í dáhùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí oníbàárà ń bi yín ni bóyá kóòdù tí áàpù fi ń ránṣẹ́ láti fìdí nọ́ńbà múlẹ̀ máa wọlé. Ó ṣeé ṣe kó wọlé. Ohun tó yẹ kó máa rò ni ẹni tí nọ́ńbà yẹn máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí kóòdù bá ti wọlé tán, torí pé iléeṣẹ́ tó ni áàpù kò ní gbàgbé nọ́ńbà náà. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ aṣínà bá sọnù, ọjọ́ tí èèyàn bá pààrọ̀ fóònù, ọjọ́ tí wọ́n bá fura sí i, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa fi kóòdù mìíràn ránṣẹ́ sí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ju ìyẹn lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tú u wò.

Ẹ kọ́kọ́ mú un kúrò lọ́kàn pé ohun kan náà ni nọ́ńbà àti síìmù. Àdírẹ́sì lásán ni nọ́ńbà. Ìlànà E.164 tí ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, gbé kalẹ̀ fún gbogbo ayé sọ pé kò gbọdọ̀ ju dígíìtì 15 lọ, kóòdù orílẹ̀-èdè ló sì máa ń ṣíwájú. Ibi tí àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì náà máa já sí, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó nọ́ńbà ló ń pinnu ìyẹn. Ó lè darí rẹ̀ sínú síìmù, ó sì lè darí rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kan tó máa gbé e sójú wẹ́ẹ̀bù. Èyí tó gba orí kọ̀ǹpútà yìí là ń pè ní nọ́ńbà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí idán níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀: láti 2009 ni Google Voice ti ń fún àwọn tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ní irú rẹ̀, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló sì ń fi irú rẹ̀ gba ìpè oníbàárà.

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ máa bá pàdé, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ìkíní ni ti ọ̀fẹ́: nọ́ńbà wà lójú wẹ́ẹ̀bù, ẹnikẹ́ni ló lè lò ó, ẹnikẹ́ni ló sì ń rí gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọlé. Ìkejì ni èyí tí èèyàn ń yá fún ìṣẹ́jú díẹ̀, láti gba kóòdù ẹyọ kan lórí áàpù ẹyọ kan. Ìkẹta ni èyí tí èèyàn ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, tí ẹlòmíì ò lè lò níwọ̀n ìgbà tí owó bá ṣì ń wọlé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó burú nínú ti àkọ́kọ́, ẹ wá àyè jókòó, kí ẹ ka irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ má lo nọ́ńbà kankan níbẹ̀. Ẹ ṣáà máa kà. Ẹ máa rí kóòdù àwọn ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́, kóòdù ibi ìtajà, kóòdù ibi tí èèyàn ń kó owó pa mọ́ sí, nígbà míì pẹ̀lú orúkọ ẹni tó béèrè fún un. Àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń dárúkọ iléeṣẹ́ tó fi í ránṣẹ́, nítorí náà, ẹni tó bá rí i ti mọ nọ́ńbà, ó ti mọ iléeṣẹ́. Ó kù kó lọ síbẹ̀, kó tẹ "Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà mi," kó fi nọ́ńbà náà sí i, kó padà sójú ìwé kan náà, kó dúró de kóòdù. Kò nílò ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kankan. Gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa ni mo máa ń rán ní iṣẹ́ kíkà yìí, torí mi ò ní àlàyé kankan lẹ́nu tó lè yé wọn tó ohun tí wọ́n máa fi ojú ara wọn rí.

Ti ìkejì ló máa ń tan èèyàn jẹ. Owó wà níbẹ̀, èèyàn á sì gbà pé ohun tí òun sanwó fún, tòun ni. Ẹ béèrè ibi tí nọ́ńbà náà ti wá. Ní oṣù kejì ọdún 2022, Trend Micro, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà, gbé ìròyìn kan jáde pé àwọn kan tó ń yá èèyàn ní nọ́ńbà báyìí ń lo fóònù Android àwọn èèyàn tí kò mọ nǹkan kan: kòkòrò kọ̀ǹpútà, ìyẹn ètò tí wọ́n ṣe láti fi jalè, ti wọnú fóònù náà, ó ń ṣọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń wọlé, bó bá sì ti rí kóòdù tí wọ́n ń retí, á ta á sí ọ̀gá rẹ̀. Nọ́ńbà tí oníbàárà yín yá lè jẹ́ ti ìyá arúgbó kan tí kò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ áàpù náà rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú Europol, àjọ tó ń bá wọn pa iṣẹ́ pọ̀, ya bo ẹgbẹ́ kan ní Latvia tí òwò wọn jẹ́ yíyá nọ́ńbà: ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki síìmù bọ̀, 1,200, síìmù tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, 40,000, àkáǹtì tí wọ́n ti fi ṣí, ó lé ní mílíọ̀nù 49. Ẹjọ́ jìbìtì tí wọ́n tọpa rẹ̀ dé ibẹ̀ láti Austria àti Latvia nìkan lé ní 3,000. Àmọ́ ẹ tún ro ti ẹnì kan tí kò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì, tó ṣáà yá nọ́ńbà níbẹ̀ torí kò fẹ́ kí áàpù mọ tirẹ̀. Ọ̀nà tó lè gbà padà sínú àkáǹtì rẹ̀ ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀gbẹ́ tiwa náà. Ìdí tí áàpù fi ń béèrè nọ́ńbà kì í sábà jẹ́ pé wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí èèyàn jẹ́. Nọ́ńbà ń náni lówó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ẹgbẹ̀rún àkáǹtì gbọ́dọ̀ wá ẹgbẹ̀rún nọ́ńbà. Ìdènà yẹn ni nọ́ńbà ìgbà díẹ̀ ń sọ di yẹpẹrẹ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ áàpù fi máa ń yẹ nọ́ńbà wò kí wọ́n tó fi kóòdù ránṣẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ wà tó ń ta ìsọfúnni bóyá nọ́ńbà jẹ́ ti síìmù, ti fóònù orí tábìlì, tàbí ti íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ò burú, oníbàárà ò tíì pàdánù nǹkan kan. Èyí tó burú ni kí wọ́n gbà á lónìí, kí oníbàárà kó àwòrán, ọ̀rẹ́ àti iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ̀rọ wá fura sí i lọ́jọ́ kan, kó ní: "Ẹ tẹ kóòdù tí a fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yín." Nọ́ńbà wo? Ó dà bí ẹni tó gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì fún alẹ́ kan, tó wá kó gbogbo ẹrù ayé rẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́tà tó máa ń tẹ̀ lé e, ẹ máa kà á títí ẹ máa fi há a sórí. "Àkáǹtì mi ni, ẹ gbà mí, nọ́ńbà tí mo fi ṣí i kò sí lọ́wọ́ mi mọ́." Òótọ́ ni àwọn kan ń sọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé olè tó fẹ́ gba àkáǹtì ẹlẹ́ni, lẹ́tà kan náà ló máa kọ. Ẹ̀bẹ̀ kò ní yàtọ̀, ẹkún kò ní yàtọ̀. Kódà ti olè máa ń gún régé ju ti olóòótọ́ lọ, torí òun ti kọ ọ́ rí. Ẹ má ṣe tìtorí àánú pààrọ̀ nọ́ńbà fún ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sí ìmeèlì tó ti wà lórí àkáǹtì náà tẹ́lẹ̀, tí kò sí kóòdù ìpamọ́ tí áàpù ti fún un tẹ́lẹ̀, tí kò sí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kankan tó ṣì ṣí àkáǹtì náà sílẹ̀, ẹ sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kò sí ọ̀nà. Ó máa bú yín. Ẹ jẹ́ kó bú yín. Mo ti wá ìdáhùn tó dáa ju ìyẹn lọ, mi ò rí.

Àmọ́ o, ẹ má fi oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò fẹ́ fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ó nídìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Twitter gbà láti san mílíọ̀nù 150 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà, torí pé nọ́ńbà àti ìmeèlì tí wọ́n ní àwọn ń gbà fún ààbò, wọ́n tún ń fi darí ìpolówó ọjà. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, ìsọfúnni àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 500 lórí Facebook, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn, wà káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin tó ń sá fún ọkọ tó ti kọ̀ sílẹ̀, oníròyìn tó ń bá ẹni tó fara pa mọ́ sọ̀rọ̀, ẹni tó fẹ́ ta ọjà kan ṣoṣo tí kò fẹ́ kí àjèjì máa pe òun lóru, gbogbo wọn ló nílò nọ́ńbà kejì. Mo máa ń ní kí irú wọn lọ gba oríṣi kẹta, tàbí síìmù kejì, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa tán síbi tí ojú wọn ti máa ń tó o. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣí ogún àkáǹtì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé síìmù gidi bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí. Síìmù tí èèyàn ò lò mọ́, iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ á gba nọ́ńbà rẹ̀ padà, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíì. Ní 2021, àwọn olùṣèwádìí méjì ní Yunifásítì Princeton yẹ nọ́ńbà 259 wò, tí iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ńlá méjì ní Amẹ́ríkà fẹ́ fún oníbàárà tuntun. 171 nínú wọn ṣì so mọ́ àkáǹtì tí wọ́n ti fi ṣí tẹ́lẹ̀ lórí àwọn ìkànnì tó gbajúmọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ti nọ́ńbà ìgbà díẹ̀ kàn yá ju tirẹ̀ lọ ni. Olè tún lè tan òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ pé kó bá òun gbé nọ́ńbà ẹlòmíì sórí síìmù tuntun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, àwọn kan gba ọ̀nà nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kọ ìsọkúsọ sórí àkáǹtì Jack Dorsey, ọ̀gá àgbà Twitter fúnra rẹ̀ nígbà náà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí oníbàárà wá ohun tí kò gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kọjá rárá. Áàpù tó ń ṣe kóòdù fúnra rẹ̀ nínú fóònù wà. Láti 2011 ni ìlànà rẹ̀, RFC 6238, ti wà. Fóònù àti iléeṣẹ́ náà jọ ní àṣírí kan, wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ aago, kóòdù tuntun á máa jáde ní ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 30. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí, kóòdù á ṣì jáde. Passkey, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ ìwọlé tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà èèyàn ń pa mọ́ fúnra rẹ̀, tún dára jù ú lọ níbi tí wọ́n bá ti gbà á, torí kò sí kóòdù kankan tí gbájú-ẹ̀ lè gbà lẹ́nu èèyàn. Ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà ìgbà díẹ̀ ṣí àkáǹtì, kó má sùn kó tó fi ìmeèlì tirẹ̀ sí i, kó fi áàpù kóòdù sí i, kó kọ àwọn kóòdù ìpamọ́ sórí bébà, kó sì yọ nọ́ńbà yẹn kúrò. Yíyọ yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Tí nọ́ńbà bá ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá bọ́ sí lọ́wọ́ ṣì lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ibi tí ìmọ̀ràn yìí ò ti ṣiṣẹ́ ni àwọn áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ bíi WhatsApp, Signal àti irú wọn, níbi tí wọ́n ti so gbogbo àkáǹtì rọ̀ sórí nọ́ńbà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, àwọn kan fi ẹ̀tàn wọnú Twilio, iléeṣẹ́ tó ń bá Signal fi kóòdù ránṣẹ́, ọwọ́ wọn sì lè tó kóòdù nǹkan bí 1,900 èèyàn tó ń lo Signal. PIN tí èèyàn lè fi ti ìforúkọsílẹ̀ pa ló lè dá irú wọn dúró. Kí oníbàárà fi PIN sí i, kó má sì tiẹ̀ gbèrò nọ́ńbà ọ̀fẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kù fún ẹ̀yin tí ẹ ń dán áàpù wò. Bí ẹ bá lo nọ́ńbà ọ̀fẹ́ ojú wẹ́ẹ̀bù fún ìdánwò, orúkọ áàpù tí kò tíì jáde ti wà níta, gbogbo ayé ń kà á. Bí ẹ bá sì kàn ro nọ́ńbà kan lọ́kàn tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ṣeé ṣe kó ní ẹni tó ni ín, òun sì ni kóòdù yín máa jí lóru. Firebase, irinṣẹ́ Google fún àwọn tó ń ṣe áàpù, gbà kí ẹ kọ nọ́ńbà àròsọ àti kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, tí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan ò ní jáde; ibi tí wọ́n bá sì ti ń lo nọ́ńbà Àríwá Amẹ́ríkà, 555-0100 títí dé 555-0199 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohun àròsọ. Tó bá di dandan kí ẹ mọ̀ bóyá kóòdù ń wọlé lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gidi, ẹ ní kí iléeṣẹ́ ra síìmù ní orúkọ iléeṣẹ́. Ẹ ṣí ìwé kan fún un: ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa tán, gbogbo àkáǹtì ìdánwò tó so mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìwé yẹn ni kó kọ́kọ́ fà lé ẹlòmíì lọ́wọ́.