Hẹ́dífóònù Tí Mo Fi Rọ́pò Ti Àtijọ́

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí mo ti ń lo hẹ́dífóònù kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ dé pa, mo pinnu láti ra èyí tó sàn jù ú lọ, mo sì mú Sennheiser HD 600, tí ilé-iṣẹ́ Jámánì náà gbé jáde ní ọdún 1997. Ohun tí mo ń wá kò ju pé kí n gbọ́ bí ìyá ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé báàsì bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn HD 600 ṣí sílẹ̀, nítorí náà orin kì í dún nínú rẹ̀ bí ẹni pé inú àpótí ló wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó tì mí yóò gbọ́ ọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò yóò sì wọ̀ mí létí, ìdí nìyí tí mo fi máa ń dúró di òru kí n tó lò ó. Ìdènà iná rẹ̀ (impedance), tó jẹ́ 300 ohm, pọ̀ jù fún fóònù mi láti mú un dún dáadáa, mo sì ní láti ra ampilifáyà kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, mọ́ ọn. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, nínú àwo àpàlà tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré, mo gbọ́ bí akọrin náà ṣe mí kanlẹ̀ kí ó tó gbé orin.