Kí Bàbá Tó Fi Ọkọ̀ Wíwà Sílẹ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Mẹkáníìkì ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Kí àwọn ọmọ tó fura pé ọkọ̀ wíwà ti ń nira fún bàbá wọn, ẹni tó ń bá a tún ara ọkọ̀ ṣe ti mọ̀, torí ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n ń gbé wá bá a ní gbogbo ìgbà. Ti bàbá tiwa ní Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni. Ọ̀dà òpó géètì wà lára fẹ́ńdà, ọ̀dà fẹ́ńdà wà lára òpó géètì. Téèpù dúdú ló di dígí ọ̀tún mú. Ẹnikẹ́ni ò bi í, òun náà ò sọ.

Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè lọ́dọ̀ bàbá. Ẹ bi mẹkáníìkì, kí ẹ sì bi ìyá. Ìyá mi ò di sítíárì mú rí láyé rẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo jókòó sẹ́yìn wọn láti Ìsánlú, tí a gba Mopa kọjá lọ sí Kàbà, ẹnu rẹ̀ ò sinmi: "Bàbá Fúnmi, tírélà ń bọ̀ o. Kòtò nìyẹn. Ẹ rọra, ọmọ kan fẹ́ sọdá." Àwọn méjèèjì ló ń wa ọkọ̀ yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló kàn ní láísẹ́ǹsì.

Kí ẹ tó pinnu pé àsìkò tó, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Kì í ṣe gbogbo ojú tó ń ṣe bàìbàì ló ní kéèyàn gbé ọkọ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ cataract, tí inú ẹyinjú kàn ṣókùnkùn, iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò. Glaucoma lèmi ń bẹ̀rù, torí kì í sábà dunni, ẹ̀gbẹ́ ojú ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Bàbá á máa rí ohun tó wà níwájú dáadáa, kò ní rí ọ̀kadà tó yọ láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tó bá ti jẹ lọ, kò sí oògùn tó lè dá a padà, àmọ́ ìtọ́jú lè dá ìyókù dúró. Ẹ wo àpò oògùn náà pẹ̀lú. Oògùn ọ̀fìnkìn bíi Piriton ń mú oorun wá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru a máa fa òòyì, ẹni tó bá sì lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà láìjẹun, ara rẹ̀ lè dédé máa gbọ̀n lójú ọ̀nà.

Ní ilẹ̀ Japan, ẹni tó bá ti pé ọdún 75 á ṣe ìdánwò ọpọlọ kó tó tún láísẹ́ǹsì gbà. Ẹni tó bá fínnúfíndọ̀ dá tirẹ̀ padà, ìwé kan wà tí wọ́n ń fún un, tó lè fi gba ẹ̀dínwó lára owó bọ́ọ̀sì àti takisí láwọn ibì kan. Ní Britain, láti ọdún 70 lọ, ọdún 3 ọdún 3 ni wọ́n ń tún un gbà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún 3 tàbí 5 ni láísẹ́ǹsì ń lò, ọmọdé àti àgbà. Káàdì yẹn ò lè sọ fún yín bóyá bàbá ṣì ń ríran lálẹ́. Ẹbí ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Abuja, ó ní, "Bàbá, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀." Bàbá ní, "Ta ló kọ́ ọ ní ọkọ̀?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹni tó rí i sọ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ṣe tíṣà, tí òun fúnra rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Kò tilẹ̀ gbà á nímọ̀ràn. Ó kàn ń ṣàlàyé bí òun ṣe ń ṣe é láti dé Lọ́kọ́ja nígbà tí wọ́n bá pè wọ́n fún àyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì.

Wíwà lóru la kọ́kọ́ gé kúrò, ìyẹn ò sì le. Ojú ẹni 60 ọdún nílò ìmọ́lẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 3 ti ọ̀dọ́ 20 ọdún, iná tírélà tó ń ti Obajana bọ̀ sì lè fọ́ ojú ọ̀dọ́ pàápàá. Ṣùgbọ́n a ò dárúkọ ojú. Àwọn ajínigbé la dárúkọ. Ta ni ò mọ̀ pé ọ̀nà wa ò ṣeé rìn lálẹ́ mọ́? Ìdí méjì wà nílẹ̀, a mú èyí tí kò ní dójú ti àgbàlagbà.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá kọ gbogbo ibi tí ọkọ̀ ń gbé e lọ sílẹ̀: ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà, báńkì ní Kàbà, oko, òkú àti ìgbéyàwó, Lọ́kọ́ja. A wá ẹni tó máa gbé e lọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa. Ẹ má dúró dìgbà tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó máa wá ọlọ́kọ̀. Ẹ dán an wò nígbà tí kò tíì pọn dandan, kí aléébù rẹ̀ lè hàn. Àwa rí i pé ọ̀kadà ò bá ìbàdí rẹ̀ mu, kẹ̀kẹ́ ló rọrùn, torí kò ga láti gùn. Ọkọ̀ gáréèjì ní tirẹ̀ kì í gbéra títí yóò fi kún, àgbàlagbà á wà nínú oòrùn, nítorí náà a máa ń san owó àyè méjì kó lè tètè kún. Ọmọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan nínú ìjọ wọn ń gba owó oṣù, nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀, a kọ ọ́ gàdàgbà.

Owó ńkọ́? Tíṣà ìṣirò ni bàbá, a gbé bébà fún un. Òun fúnra rẹ̀ ro epo, táyà, inṣọ́ránsì, ìwé ọkọ̀ ọdọọdún àti owó mẹkáníìkì pọ̀. Ó wo àpapọ̀ rẹ̀ títí, ó ní, "Ọkọ̀ yìí ń jẹ ju èmi àti ìyá yín lọ."

Owó kọ́ ló ń dun àgbàlagbà jù, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọkọ̀ yẹn ló gbé aboyún lóru, òun ló gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ, òun ló gbé òkú wọlé láti Ìlọrin. Ilé bàbá ni wọ́n ń kàn lóru. Bí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ lásán, ipò yẹn lẹ gbà. Ní tiwa, wọ́n ṣì ń kànlẹ̀kùn, bàbá á gbé fóònù, á pe oníkẹ̀kẹ́, òun á sì san án. Ọkọ̀ náà ò tíì di títà. Ọmọ àbúrò mi ló ń wà á bó bá di ọ̀nà jíjìn, bàbá á jókòó níwájú, á máa pàṣẹ jíà, á máa fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Ọmọ náà ní sùúrù. Ẹ wá irú rẹ̀, ẹni tó kàn mọ ọkọ̀ wà nìkan ò tó.

Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́. Àbúrò wa ní Amẹ́ríkà fẹ́ fi ọkọ̀ ọ̀tun tí kì í lo kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ọtomátíìkì, ránṣẹ́, ó ní ìyẹn á rọ bàbá lọ́rùn. A ní kó máa fi owó oṣù oníkẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ dípò rẹ̀, kó sì fi kún un ní Disẹ́ḿbà, nígbà tí òkú ṣíṣe máa ń pọ̀.