Ẹ̀yin ìyá tó ń lọ wẹ ọmọ nílùú Ọba, ẹ mọ ìrìnàjò yín fúnra yín

Ọ̀pọ̀ àwa ìyá ni kì í kúrò ní Nàìjíríà rárá, àfi ìgbà tí ọmọ wa bá bímọ sí òkè òkun. Ọmọ ti bí, ó ku ẹni tí yóò wẹ ìkókó, tí yóò fi omi gbígbóná jó ikùn ìyá ọmọ, tí yóò ro àmàlà gbígbóná fún un kí ara rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Èmi náà, ọ̀rọ̀ ọmọ ló gbé mi dé Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà n'Ìbàdàn. Látìgbà tí mo ti padà dé ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lẹ́gbẹ́ ti ń bi mí pé kí ni kí àwọn ṣe, kí ni kí àwọn dì. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún wọn kò kan ẹrù rárá. Mo máa ń sọ pé kí wọ́n má jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe gbogbo ẹ̀ tán lẹ́yìn wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ló mọ kọ̀ǹpútà. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ sí fọ́ọ̀mù físà, wọ́n á sanwó, wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì, ìyá á kàn lọ tẹ̀ka ni. Nígbà tí ìyá bá wá dé iwájú òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ní Heathrow, tí wọ́n bi í pé ọ̀sẹ̀ mélòó lo fẹ́ lò, á ní ọmọ òun ló mọ̀. Wọ́n á bi í pé àdúgbò wo lọmọ ń gbé, á ní ọmọ òun ń bọ̀ wá gbé òun. Irú ìdáhùn yìí ló ń mú kí wọ́n ní kí ìyá lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orúkọ yín ló wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ̀yin lẹ sì jẹ́rìí sí i pé òótọ́ ni. Kí ọmọ tó fi ránṣẹ́, ẹ ní kó kà á sí yín létí látòkè délẹ̀, ìbáà jẹ́ lórí WhatsApp. Ohun tí ẹnu yín bá sọ, ohun tó wà nínú ìwé yín, àti ohun tó wà nínú báàgì yín, kí ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan.

Orúkọ àti ọjọ́ ìbí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó, kó sì jẹ́ oṣù mélòó kan ṣáájú. Láìsí NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, wọn kì í ṣe páásípọ́ọ̀tù fún ọmọ Nàìjíríà mọ́, orúkọ tó bá sì wà lórí NIN ló máa jáde sínú páásípọ́ọ̀tù. Ẹ wo irú àwa tá a ti dàgbà. Orúkọ ìbatisí ló wà lórí ìwé ẹ̀rí iléèwé, orúkọ ọkọ ló wà ní báǹkì, oríkì ló wà lórí káàdì ìdìbò ẹlòmíì. Ọjọ́ ìbí tiẹ̀ tún le jù. Ẹ̀yìn Bíbélì ni bàbá ẹlòmíì kọ ọ́ sí, wọ́n sì bí ẹlòmíì lọ́dún tí ọba kan gorí oyè, bẹ́ẹ̀ ni kóòtù ṣe gba ìbúra ọjọ́ orí fún un nígbà tó fẹ́ wọṣẹ́. Ẹ kó gbogbo ìwé yín sórí tábìlì, kẹ́ ẹ fi wọ́n wéra. Bí ti NIN bá yàtọ̀ sí ti ìwé owó ìfẹ̀yìntì, ẹ lọ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ físà, torí àtúnṣe ọjọ́ ìbí kì í yá. Àjọ Ètò Ìkànìyàn ló ń fún ẹni tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i ní ìwé ẹ̀rí. Bí páásípọ́ọ̀tù yín kò bá sì ní ju oṣù mẹ́fà lọ kó tó kú, ẹ gba tuntun.

Ẹ tún tọ́jú ìka yín. Lọ́jọ́ tí mo lọ tẹ̀ka, ìyá kan wà níwájú mi tó sọ pé gàrí lòun ń ṣe látọmọdé. Ó gbé ìka mẹ́rin lé gíláàsì ẹ̀rọ yẹn, iná aláwọ̀ ewé tàn lábẹ́ ẹ̀, ẹ̀rọ ní òun ò rí nǹkan kan. Ọmọbìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà fi tíṣù tútù nu ìka rẹ̀, ó fọwọ́ tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ rọra, ẹ má gbé e sókè." Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà. Ẹ̀gẹ́ bíbó àti ata lílọ̀ ti fá ìlà ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọwọ́ òun rí bẹ́ẹ̀, kó fi òrí pa á lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, kó má fi ọwọ́ lásán kan ọṣẹ líle tàbí bílíìṣì. Ẹ má lé làálì, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀bẹ gé yín níka, torí wọ́n lè dá yín padà.

Físà àbẹ̀wò tí àwa ìyá máa ń gbà kì í fàyè sílẹ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sí ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ, èsì sì sábà máa ń jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ yín á kọ lẹ́tà ìkésíni, á fi ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sí i, ìwé owó oṣù rẹ̀, ìwé àkáǹtì rẹ̀, àti lẹ́tà ọsibítù tó fi oṣù ìbímọ hàn. Ẹ̀yin náà á fi hàn pé ilé ń dúró dè yín: ọkọ yín, owó ìfẹ̀yìntì tó ń wọlé, ṣọ́ọ̀bù, ilé tẹ́ ẹ kọ́. Ọ̀rọ̀ owó yìí ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ da mílíọ̀nù sínú àkáǹtì yín lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ẹni tó ń yẹ ìwé yẹn wò mọ iye tí olùfẹ̀yìntì ń gbà lóṣù, á sì bi ara rẹ̀ pé níbo lowó yìí ti wá. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ló ń náwó ìrìnàjò, kó sọ ọ́ gbangba nínú lẹ́tà rẹ̀, kó fi àkáǹtì tirẹ̀ hàn. Ẹ́jẹ́ǹtì tó bá sì ní òun á bá yín "ṣètò" ìwé báǹkì, ẹ sá fún un. Bí ìlú Ọba bá mú ayédèrú ìwé lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n lè fòfin dè é fún ọdún mẹ́wàá. Ọmọ-ọmọ yín á ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó rí i.

Àwọn kan á tún gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ má sọ pé ọmọ lẹ fẹ́ wá tọ́jú, pé wọ́n á ní iṣẹ́ lẹ wá ṣe. Inú ń bí mi sí ìmọ̀ràn yìí. Òfin wọn gbà kí mọ̀lẹ́bí wá bá ẹni mójú tó ọmọ nígbà àbẹ̀wò ráńpẹ́, bí kò bá ti gbowó, tí kò sì di iṣẹ́. Ohun tí òfin kọ̀ ni pé kẹ́ ẹ gbaṣẹ́, ìbáà jẹ́ títọ́jú ọmọ aládùúgbò fún owó. Nígbà tí òṣìṣẹ́ yẹn bi mí pé kí ni mo wá ṣe, mo ní ọmọ mi obìnrin ló bímọ, mo wá kí i, mo sì wá bá a wẹ ọmọ. Mo sọ ọjọ́ tí mo máa padà, mo fún un ní bébà tí mo kọ àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ọmọ mi sí. Ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. Ẹni tí òyìnbó kò bá yọ̀ mọ́ lẹ́nu, kó sọ pé Yorùbá lòun ń sọ. Wọ́n á wá ògbufọ̀, èyí sì sàn ju kí èèyàn máa dáhùn "yẹ́ẹ̀sì" sí ohun tí kò yé e.

Ọ̀rọ̀ ara yín ńkọ́? Àwa tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà la pọ̀ jù. Ẹ ra oògùn tó máa tó yín títí dọjọ́ ìpadàbọ̀, ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí tí wọ́n fi tà á, kẹ́ ẹ gba lẹ́tà dókítà tó sọ oògùn tẹ́ ẹ ń lò, kẹ́ ẹ sì fi wọ́n sínú báàgì ọwọ́. Báàgì ńlá lè ṣe ọjọ́ méjì kó tó dé. Tramadol àti oògùn tó ní codeine nínú, òfin le lórí wọn níbẹ̀, ẹ má fi wọ́n sẹ́rù láìsí ìwé dókítà. Ní Ẹ́ńgíláǹdì, rírí dókítà àdúgbò kì í gbowó, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í gbowó ìtọ́jú pàjáwìrì tí wọ́n bá ṣe fún yín ní ẹ̀ka pàjáwìrì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dá yín dúró sí ọsibítù, owó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìlọ́po kan àbọ̀ iye tí ìtọ́jú náà jẹ́ gan-an ni àlejò ń san. Ìdí nìyí tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ ra ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò fún yín, kó sì sọ fún wọn pé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ọmọ bá fi pa mọ́, àwọn oníìnṣọ́ránsì lè kọ̀ láti sanwó nígbà tọ́rọ̀ bá délẹ̀.

Ẹni tí orúnkún ń dùn, kí ọmọ béèrè fún wíìlìṣíà látìgbà tó bá ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó pẹ́ jù ọjọ́ méjì ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ìyá máa ń ní àwọn ò yarọ, àwọn ò jókòó sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ìrìn inú Heathrow gùn, ẹni tó bá ń tì yín ló sì máa mú yín kọjá gbogbo ibi tẹ́ ẹ kò mọ̀, títí dé ibi tí ẹrù ti ń jáde.

Ẹrù wàyí. Kílò mẹ́tàlélógún ni báàgì kan sábà máa ń gbà, iye báàgì sì wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ báàgì, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n nílé, kẹ́ ẹ má bàa máa tú ìró àti ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ níwájú èrò ní Ìkẹjà. Èlùbọ́, gàrí, ẹ̀gúsí lílọ̀, ata gbígbẹ, kò sí wàhálà. Irú, ẹ sá a gbẹ, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá méjì mẹ́ta wé e. Ẹran ni kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn: ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́, kílíṣí, àti wàrà, wọn kì í jẹ́ kó wọlé, wọ́n á gbà á dànù. Iṣu náà kì í wọlé láìsí ìwé ẹ̀rí. Ẹ má sì dààmú púpọ̀, torí ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, lójú ọ̀nà Rye Lane, iṣu wà, ṣọ̀kọ̀ wà, ẹja gbígbẹ wà. Ohun tó yẹ kó gba ààyè jù nínú báàgì yín ni èyí tí ọmọ bá sọ pé òun ò rí rà.

Ẹrù ẹlẹ́rù ńkọ́? Gbàrà tí àdúgbò bá ti gbọ́ pé ẹ ń lọ, ẹnìkan á gbé gàrí wá, á ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi fún àbúrò mi." Bí ẹ kò bá lè tú u wò títí dé ìdí ọ̀rá, ẹ má gbà á. Àwọn NDLEA tó ń gbógun ti oògùn olóró wà ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹni tí wọ́n bá bá ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa dáhùn. Ìtìjú ojú kan kò tó ohun tá à ń lọ ṣẹ̀wọ̀n fún.

Ní ti òtútù, ẹ wọ aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ẹ́ mẹ́ta léra dípò ẹyọ kan tó nípọn, kẹ́ ẹ fi súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà sínú báàgì ọwọ́, torí inú ọkọ̀ òfuurufú gan-an máa ń tutù. Kóòtù ńlá, kí ọmọ mú un wá pàdé yín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ bá ọmọ sọ kẹ́ ẹ tó gbéra, òun ni ọ̀rọ̀ ìkókó gan-an. Lọ́hùn-ún, nọ́ọ̀sì máa ń wá sílé wá wo ọmọ àti ìyá rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ mu ọyàn nìkan fún oṣù mẹ́fà, tàbí mílíìkì ìkókó. Omi àti àgbo kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ní kí wọ́n máa tẹ́ ọmọ sí bó bá ń sùn, kí ìrọ̀rí àti aṣọ púpọ̀ má sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbígbé ọmọ sókè fì bí àwa ṣe ń ṣe lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ̀rù ló máa bà wọ́n, wọ́n sì lè kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi àti ọmọ mi ti jọ sọ ọ́ lórí fóònù kí n tó lọ: mo máa wẹ ọmọ, mo máa fi òrí pa á, mo máa rọra nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, mo máa kì í. Àwọn ìyókù, a fi sílẹ̀. Ìyá tí kò bá sọ èyí tẹ́lẹ̀, àárín òun àti ọkọ ọmọ rẹ̀ ni ìjà máa ti bẹ́ sílẹ̀, nínú yàrá kékeré, nígbà tí kò sẹ́ni tó sùn.

Ẹ ṣètò ilé náà. Ẹ gba àjọ yín tàbí kẹ́ ẹ fi ẹni tó máa dá a fún yín sílẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ń san owó ìfẹ̀yìntì bóyá àyẹ̀wò alààyè bọ́ sí àsìkò tẹ́ ẹ kò ní sí nílé. Síìmù Nàìjíríà yín, ẹ má yọ ọ́ jù sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni báǹkì ń fi nọ́ńbà ìjẹ́rìísí (OTP) ránṣẹ́ sí. Ẹ fi owó díẹ̀ sórí rẹ̀, torí láìní lílò fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè pa á.

Nígbà ìpadàbọ̀, ọmọ lè ní, "Mọ́mì, ẹ bá wa lo oṣù kan sí i." Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí físà, kẹ́ ẹ sì ka oṣù mẹ́fà yẹn, kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn. Bẹ́ ẹ bá ti dé ilé, ẹ tọ́jú ìwé tí wọ́n fi wọ ọkọ̀ òfuurufú, àlọ àtàbọ̀, sínú páásípọ́ọ̀tù. Bí ọmọ bá tún lóyún, òun lẹ máa fi hàn wọ́n pé ẹ padà sílé lásìkò.