Ẹ Ka Ewé Kí Ẹ Tó Kọ Ìwé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ echo tí a fi ń ya àwòrán ọkàn, ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju kí ẹ máa ka ewé lọ. Fáàfù aorta, ìyẹn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú ọkàn bọ́ sínú aorta, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń gbé e lọ sí gbogbo ara, ewé mẹ́ta ló máa ń ní. Tó bá padé, tí ẹ sì wò ó ní ìbú, àmì ọkọ̀ Mercedes lẹ ó rí.

Lọ́dún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, awakọ̀ kan wá, ó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ tó bá gun àtẹ̀gùn. Fáàfù aorta rẹ̀ ń jò gan-an. Nílẹ̀ wa níbí, tí fáàfù bá ti ń jò, ibà rheumatic, ibà tó máa ń ba fáàfù ọkàn jẹ́, lẹnu wa ń kọ́kọ́ lọ sí. Èmi náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, n kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ni wọ́n bá ń gún un ní abẹ́rẹ́ penicillin nídìí, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, kí ibà náà má bàa padà wá.

Lẹ́yìn oṣù méje, ọ̀gá mi ló yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n dá àwòrán dúró, wọ́n pè mí: "Ewé mélòó nìyẹn?" Mo ní mẹ́ta. "Ṣé o kà á ni, àbí orí lo ti mú un jáde?" Mo sún mọ́ ọn. X ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ihò bíńtín láàárín. Mẹ́rin! Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ewé mẹ́rin kì í sábà pàdé dáadáa láàárín, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà ṣẹ́rí padà, títí ọkàn á fi fẹ̀. Kò pé 1 nínú 1,000 èèyàn tó ní irú rẹ̀. Mitral rẹ̀, ìyẹn fáàfù tó wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn lápá òsì, sì mọ́ tónítóní. Ó yẹ kí ìyẹn ti ta mí lólobó, torí ibà rheumatic kì í sábà fo mitral kó lọ bá aorta nìkan.

Eléwé méjì ló wọ́pọ̀ ju eléwé mẹ́rin lọ, bí 1 sí 2 nínú 100 èèyàn, òun gan-an ló máa ń tan ni jẹ. Méjì nínú ewé mẹ́ta á ti lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ á dà bí ìlà. Tó bá padé, ẹ ó ní mẹ́ta ni. Ẹ dúró kó ṣí: ẹnu ẹja lẹ ó rí. Ẹ wọn aorta fúnra rẹ̀ náà, torí ó máa ń wú, kí ẹ sì ní kí àwọn ọmọ àti ọmọ ìyá aláìsàn wá ṣàyẹ̀wò; ó máa ń rìn nínú ẹbí.

Èmi ni wọ́n ní kí n lọ sọ fún awakọ̀ yẹn pé kó má gba abẹ́rẹ́ mọ́. Ó wò mí títí. Ó ní, "Dókítà, méje tí mo ti gbà ńkọ́?"