Ibi Tí Iná Kì Í Ti Í Lọ Ni Kí Ẹ Gbé Root Sí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣe IT ní Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, port tí spanning tree (ètò inú switch tó ń dí ọ̀nà àpọ̀jù kí ìsọfúnni má bàa máa yí po) bá dí pa kò bàjẹ́ o. Ẹ má yọ wáyà rẹ̀. Ó ń dúró de ọjọ́ tí wáyà kejì bá já ni.

Frame Ethernet (ìdì ìsọfúnni tó ń rìn lórí wáyà) kò ní TTL bíi ti IP, ìyẹn òǹkà tó ń dín kù títí ìdì náà á fi kú, kò sí ohun tó ń pa á bó bá rìn jù. Tí wáyà bá ti yí po láàárín switch, broadcast (ìsọfúnni tó ń lọ sọ́dọ̀ gbogbo ẹ̀rọ) kan ṣoṣo á máa pọ̀ sí i títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dákú. Radia Perlman ló wá ojútùú sí i ní 1985, nígbà tó wà ní Digital Equipment ní Amẹ́ríkà.

Àwọn switch á kọ́kọ́ yan root, ìyẹn switch olórí tí gbogbo ọ̀nà ń tọ̀ lọ. Àwọn yòókù á mú port tí ọ̀nà rẹ̀ sí root rọrùn jù, ìyẹn root port. Lórí wáyà kọ̀ọ̀kan, port kan ni designated, èyí tí wọ́n yàn láti máa gbé ìsọfúnni wáyà náà. Èyí tí kò rí ipò nínú méjèèjì di alternate, òun ni wọ́n ń dí.

Yíyan root yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Priority ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń yan root, èyí tó kéré jù ló ń wọlé; 32768 ni switch sábà máa ń bá dé láti ilé iṣẹ́. Tí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, gbogbo wọn á dọ́gba, MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ilé iṣẹ́ fún ẹ̀rọ) tó kéré jù ló ń wọlé, ògbólógbòó switch abẹ́ tábìlì ló sì sábà máa ń ní in. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ níbí, ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe. Iná á lọ, ògbólógbòó á kú, àwọn tó wà lórí inverter á yan root mìíràn. Iná á dé, baba á jí, á gba ipò rẹ̀ padà. Pẹ̀lú spanning tree àtijọ́ (802.1D), ìyípadà kọ̀ọ̀kan lè gba 30 sí 50 ìṣẹ́jú àáyá, àwọn ará ọ́fíìsì á sì máa bú íntánẹ́ẹ̀tì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ lo Rapid Spanning Tree, èyí tó jáde ní 2001. Ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n Rapid náà ò mọ ibi tí inverter wà. Ẹ fi priority 4096 sí switch tó wà lórí inverter, kí ẹ fi 8192 sí igbákejì rẹ̀. Port tó bá lọ sí kọ̀ǹpútà, ẹ sọ ọ́ di edge, kó máa ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ (PortFast ni Cisco ń pè é), kí ẹ sì fi BPDU guard tì í lẹ́yìn, èyí tó ń ti port pa bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ spanning tree láti ọ̀dọ̀ switch mìíràn, torí ẹnìkan á ṣáà gbé switch kékeré wá láti ilé.

Lórí Cisco, tí ẹ bá tẹ show spanning-tree tí ẹ rí 4097 dípò 4096, kò sí wàhálà. Nọ́ńbà VLAN 1 (VLAN ni ẹ̀ka tí wọ́n pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí) ló fi kún un.