Akọ epìyà tó kó ọmọ sẹ́nu, àtàwọn ìwé tí mò ń kà

Ìwé ẹranko ni mò ń kà ṣáá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, kì í ṣe ìwé àlọ́ o, ìwé àwọn tó jókòó ti ẹranko títí wọ́n fi mọ ohun tó ń ṣe tí wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ sú àwọn ará ilé mi, torí bá a bá ti jẹun alẹ́ tán màá ti ní "ẹ gbọ́ nǹkan tí mo kà lónìí", àfi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan báyìí tó ṣì máa ń sún mọ́ mi kó lè gbọ́ dáadáa.

Jane Goodall, obìnrin ará England tó lọ ń ṣọ́ àwọn ìnàkí, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tó dé igbó Gombe ní 1960, níbi tí wọ́n ń pè ní Tanzania báyìí, kò tíì gba digírì kankan, awò tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà àti ìwé àkọsílẹ̀ ló gbé dání. Àwọn ìnàkí ń sá fún un, ó ṣáà ń gun òkè lọ láràárọ̀, ó ń jókòó síbi tí wọ́n á ti máa rí i títí ara wọn fi balẹ̀. Kí ọdún yẹn tó parí ló rí ọ̀kan tó sọ ní David Greybeard tó já koríko, tó tì í bọ inú òkìtì ikán, tó rọra fà á yọ, tó wá ń fi ètè họ àwọn ikán tó dì mọ́ ọn jẹ. Wọ́n tún máa ń já ẹ̀ka igi, wọ́n á họ ewé ara ẹ̀ dànù kó lè wọ ihò. Ẹ rántí pé nígbà yẹn àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé èèyàn nìkan ló ń ṣe irinṣẹ́ fúnra ẹ̀. Àwọn kan tún bá a wí pé ó ń sọ ìnàkí lórúkọ, pé nọ́ńbà ló yẹ kó fún wọn, kò dá wọn lóhùn, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an fún ìyẹn.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni mo ka nípa Tinbergen, ará Netherlands. Agbọ́n kan ló ń ṣọ́, irú èyí tó máa ń gbẹ́ ihò sínú iyanrìn tó ń mú kòkòrò oyin lọ bọ́ ọmọ ẹ̀ níbẹ̀, ihò àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sì pọ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, báwo ló ṣe ń mọ tiẹ̀? Ọkùnrin yìí ṣa èso igi páìnì gbígbẹ, ó tò ó yí ihò ká, ó jẹ́ kí agbọ́n náà mọ̀ ọ́n mọ́ ojú, nígbà tó jáde lọ, ó ṣí gbogbo èso náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Agbọ́n padà dé, àárín èso yẹn ló bà sí, níbi tí kò sí ihò kankan. Ojú ló fi ń mọlé, àmì tó yí ilé ẹ̀ ká ló ń wò! Ní 1973 wọ́n fún Tinbergen ní ẹ̀bùn Nobel, òun àti Lorenz àti von Frisch táwọn náà ń ṣọ́ ẹranko, èmi sì ń rò ó pé èso igi tó já sílẹ̀ lásán ló fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà lọ bá àwọn èèrà tó ń tò lọ lára ògiri ẹ̀yìnkùlé, mo fi ìka tó tutù nu ojú ọ̀nà wọn níbì kan, ká tó pajú dé wọ́n ti dúró sí etí ibi tí mo nù, àwọn tó ń bọ̀ dúró lápá ọ̀tún, àwọn tó ń lọ dúró lápá òsì, gbogbo wọn ń fi ìwo orí wọn fọwọ́ kan ilẹ̀ bí afọ́jú. Òórùn lọ̀nà wọn.

Ṣùgbọ́n ẹja ló wá gbà mí lọ́kàn jù. Ẹni tó bá mọ Ẹ̀pẹ́ á mọ Ọjà Olúwo, níbi táwọn apẹja ń kó ẹja ọ̀sà wá. Ìyá tí mo máa ń ra ẹja lọ́wọ́ ẹ̀ ń bá mi họ ìpẹ́ epìyà kan, bó ṣe tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ báyìí, nǹkan róbótó róbótó bẹ̀rẹ̀ sí í yí jáde lẹ́nu ẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò ju hóró ọkà bàbà lọ, ó ń yọ̀ kiri lórí pákó. Mo mú ọ̀kan sórí èékánná mi, mo gbé e sóòrùn, mo rí ojú dúdú méjì tín-ín-tìn-ìn-tín nínú ẹ̀. Ìyá ní, "Ọmọ ẹ̀ ni. Ìyá wọn ló kó wọn sẹ́nu, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Mo délé mo lọ kàwé. Epìyà ò kí ń ṣe oríṣi kan. Èyí tí wọ́n ń sìn jù nínú pọ́ńdì, tí wọ́n ń pè ní Nile tilapia, abo ló ń kó ẹyin sẹ́nu lóòótọ́, kódà lẹ́yìn táwọn ọmọ bá ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí ewu bá dé wọ́n á tún ya padà sẹ́nu ìyá wọn. Àmọ́ èyí tó pọ̀ nínú ọ̀sà tiwa níbí, tó ní dúdú lábẹ́ àgbọ̀n, tí wọ́n ń pè ní Sarotherodon melanotheron, akọ ló ń ṣe é. Tí abo bá ti yé tán, tí akọ ti da àtọ̀ sí i, akọ á kó gbogbo ẹ̀ sẹ́nu, abo á bá tiẹ̀ lọ. Bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni bàbá yìí fi máa gbé wọn kiri, á máa yí wọn po lẹ́nu kí omi tuntun lè kàn wọ́n, òun fúnra ẹ̀ ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Ẹnu tó fi ń jẹun náà ló sọ di ilé ọmọ.

Ara mi ò lè gbà á, mo padà lọ bá ìyá. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Akọ kẹ̀? Ta ló sọ fún ẹ?" Mo ní inú ìwé ni mo ti kà á. Ó kọjú sí bàbá apẹja kan tó ń tú àwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ nǹkan tí ọmọ yìí ń sọ." Bàbá ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní òun mọ̀, pé èyí tí ẹnu ẹ̀ bá kún báyẹn, ẹ la inú ẹ̀, ẹ ò ní bá àpò ẹyin níbẹ̀. Ìyá wá la ọ̀kan, òtítọ́ ni, nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ funfun méjì ló nà tọ ẹ̀yìn ẹ̀ lọ, kò sí ẹyin. Bàbá yẹn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ìwé kíkà yìí, pé ohun tí wọ́n ń fi pẹ̀lẹ́ ṣọ́ lókè òkun tó ń di ìwé ńlá, irú ẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn bàbá wa tó ń wọ ọ̀sà láti kékeré, tí wọ́n bá lọ, ó tán nìyẹn. Àwọn ọdẹ nìkan ni mo rí tó tọ́jú tiwọn, torí ẹni tó bá ka iṣẹ́ Adébóyè Babalọlá lórí ìjàlá, èyí tó jáde ní 1966, á rí i pé oríkì ẹranko tí wọ́n ń sun níbẹ̀, ẹni tó ti dúró wo ẹranko náà pẹ́ ló lè kọ irú ẹ̀.

Mo ní ìwé tí mi ò fẹ́ràn ṣá. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí ajá bá ṣe pẹ́, wọ́n á ní ó ń banú jẹ́, ó ń jowú, ó ti dárí jini. Àwọn mìíràn sì ní ẹ̀rọ lásán ni ẹranko. Frans de Waal, ọ̀mọ̀wé kan tó ṣọ́ àwọn ìnàkí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló là á fún mi, ó ní ẹni tó kọ̀ pátápátá láti rí ohun tó jọ tiwa lára ẹranko, òun náà ń ṣe àṣìṣe. Síbẹ̀ àwọn àgbà wa ti ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Alángbá olórí pupa tó wà lórí fẹ́ǹsì wa, nígbà tá a wà léwe wọ́n ní ó ń yin ara ẹ̀ ni tó bá ń mi orí. Agbègbè ẹ̀ ló ń ṣọ́, ó ń kìlọ̀ fún akọ tó kù. Ọ̀gá ibẹ̀ ló máa ń ní orí pupa àti ara búlúù yẹn, àwọn akọ tó wà lábẹ́ ẹ̀ á rí bíi eruku, tílẹ̀ bá sì ń ṣú, àwọ̀ ọ̀gá náà á ṣá.

Ní Olúwo náà ni wọ́n ti ń ta ẹran ìgbẹ́, òkété yíyan wà níbẹ̀ dáadáa. Mi ò lè wò ó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ látìgbà tí mo ti kà nípa Magawa, òkété tí wọ́n bí ní Tanzania tí wọ́n kọ́ láti máa gbóòórùn bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Cambodia ló ti ṣiṣẹ́, ó rí ohun abúgbàù tó lé ní 100, ara ẹ̀ ò sì wúwo débi tó máa mú bọ́ǹbù bú. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó pápá tẹníìsì, ìdajì wákàtí ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fún un ní mẹ́dà góòlù ní 2020, ó kú ní January 2022.

Oyin ló kàn. Von Frisch ni mò ń kà lọ́wọ́, bí oyin ṣe ń jó nínú òkùnkùn ilé wọn láti fi sọ fún àwọn yòókù ibi tí òdòdó wà sí oòrùn, àti bó ṣe jìnnà tó. Bàbá kan tó ń sin oyin lọ́nà Ìtóìkín ti ní kí n máa bọ̀ tí òjò bá dáwọ́ dúró, ó ní kí n wọ aṣọ tó nípọn, mo sì ti ń kọ àwọn ìbéèrè tí mo fẹ́ bi í sílẹ̀.