Ọdún tí a fi wá ọ̀rọ̀ kan

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Bí mo bá ní kí n ka oṣù méjìlá ọdún 2025 fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, irọ́ ni n ó máa pa, nítorí n kò rántí ohun tí mo ṣe ní oṣù kejì, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè sọ bí oṣù karùn-ún ṣe kọjá. Ọ̀rọ̀ Bàbá, àgbà ẹgbẹ́ ìkàwé wa, ni ó gba gbogbo ọdún náà mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ láti ìgbà tí a ti ń kàwé lẹ́yìnkùlé ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta mọ ẹni tí mò ń sọ. Ẹ mọ fìlà rẹ̀, ẹ sì mọ ìwé kékeré aláwọ̀ ewé tí kì í kúrò lápò rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ni ó fi wá sílẹ̀, ní ẹni ọgọ́rin ọdún.

Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ pé ìdaṣẹ́sílẹ̀ ni ó gba òun sáyé. Ọdún 1945 ni wọ́n bí i, ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó ju oṣù kan lọ, nítorí pé ogun ti gbé owó oúnjẹ sókè, owó iṣẹ́ wọn kò sì kúrò lójú kan. Bàbá tí ó bí i wà lára àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n tẹ̀lé Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, ẹni tí ìjọba amúnisìn mú kúrò ní Èkó ní ọdún 1943, tí ó sì padà dé ní ọdún 1945 kan náà, kí ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí Bàbá kì í fi í gbà kí ẹnikẹ́ni sọ lójú òun pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni ọ̀rọ̀ Marx, ará Jámánì tí ó kọ ìwé lórí òṣìṣẹ́ àti olówó, tàbí pé ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni. Ó ní ilé àwọn ni òun ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí òun tó mọ̀ pé ẹnìkan ti kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìwé tí a kà lọ́dún yìí ni Das Kapital, ìdìpọ̀ kìn-ín-ní, tí Karl Marx gbé jáde ní Hamburg ní ọdún 1867. Ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ní lọ́wọ́, a sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí a ṣe ń lọ. Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a dúró sí títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ a máa fi apá kan ọjọ́ ṣe iṣẹ́ tí ó tó owó tí wọ́n ń san fún un, a sì fi apá tí ó kù ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ lé lórí. Ohun tí apá kejì yìí mú wá ni Marx sọ lórúkọ, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “surplus value”, orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá ni a sì ń wá. Àbúrò wa láti Akọka ní kí a pè é ní èrè, kí a máa bá tiwa lọ. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìyá tí ó ń ta ọsàn lẹ́nu ọ̀nà náà ń jẹ èrè, ta ni ó wá rẹ́ jẹ? Ó ní Marx tìkára rẹ̀ ni ó sọ pé ohun yìí ni wọ́n ń pín láàárín ara wọn, tí oníléeṣẹ́ ń mú èrè, tí ẹni tí ó yá a lówó ń mú èlé, tí onílẹ̀ sì ń gba owó ilẹ̀. Bí a bá fi orúkọ ìpín kan pe odindi, kí ni a óò pe ìpín náà nígbà tí a bá dé ibẹ̀?

Ọjọ́ tí ó là sí wa, ìbéèrè ni ó fi bẹ̀rẹ̀: ta ni ó mọ ìwọ̀fà? Láyé àtijọ́, ẹni tí ó yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé orí owó náà. Oko olówó ni yóò kọ́kọ́ lọ láàárọ̀, bí ó bá ṣe tibẹ̀ tán ni yóò tó lọ sí oko tirẹ̀. Bàbá ní ojú ìwọ̀fà là sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀: ó mọ ebè tí ó kọ fún olówó, ó mọ èyí tí ó kọ fún ara rẹ̀, ọ̀nà tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn sì wà láàárín oko méjèèjì. Ohun tí Marx sọ nípa àwọn àgbẹ̀ Wallachia, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Romania lónìí, tí wọ́n ń fi ọjọ́ ṣiṣẹ́ fún ìjòyè onílẹ̀, kò yàtọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ń gba owó kò rí ọ̀nà yẹn, nítorí pé ìdí ẹ̀rọ kan náà ni oko méjèèjì wà. Ó fa ìwé rẹ̀ yọ, ó kọ “àṣelé” sí i, ó sì kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹni tí ó jiyàn mọ́.

Mo lọ ṣírò tèmi ní Ṣómólú, nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo ti ń jẹun láti ọdún mọ́kànlá. Ní ọjọ́ kan tí a tẹ ìwé pélébé fún oníbàárà mẹ́rin, ₦90,000 wọlé. Mo yọ epo jẹnẹrétọ̀, íǹkì, pléètì, àti ohun tí ẹ̀rọ fi gbó, ó ku ₦54,000. Àwa mẹ́ta tí a ṣe iṣẹ́ náà gba ₦7,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni a bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni a ṣíwọ́. Kí aago méjìlá tó lù, a ti ṣe iṣẹ́ tí ó tó owó wa, oko olówó ni a sì wà láti ìgbà náà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ọ̀gá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí, nítorí pé Marx náà sọ ọ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà ẹnì kan: bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì yóò gba oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohùn mi ni mo ń gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp, tí mo fi ń fi ohun tí a kà ránṣẹ́ sí àwọn tí kò lè wá. Nígbà tí a dé orí kẹwàá, tí ó dá lórí gígùn ọjọ́ iṣẹ́, mo sọ ìtàn Mary Anne Walkley, aránṣọ ọmọ ogún ọdún ní London, tí ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 1863. Wákàtí 26 àti ààbọ̀ ni ó ti fi ránṣọ láìsinmi, pẹ̀lú ọgọ́ta ọmọbìnrin mìíràn, ọgbọ̀n nínú yàrá kan, nítorí pé aṣọ ijó àwọn olówó gbọ́dọ̀ dé lásìkò. Ìyá aránṣọ wa ní Mushin gbọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ọdún Iléyá, ó sì pè mí ní òru. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ni ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn sì wà lórí ẹ̀rọ ní wákàtí yẹn. Ó ní òun ń san gbọ́mú-lé-lántà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí òun kò bá sì rí owó náà san, wọn yóò wá dúró sí ẹnu ọ̀nà òun. Ó wá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èlé tí mò ń san yìí, oorun àwọn ọmọ yìí ni mo fi ń san án.” Mo sọ ọ́ fún Bàbá ní Sátidé. Ó ṣí fìlà, ó ní obìnrin náà ti kà jù wá lọ.

Oṣù keje ni mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò nílé. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tíì dé; wọ́n ní kí ó lọ kí ó bọ̀, kí ó mú fọ́ọ̀mù mìíràn wá, kí ó wá fi ojú hàn pé òun ṣì wà láàyè. Mo rí abẹ fẹ́lẹ́ lórí àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, pẹ̀lú hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ti gé sí méjì kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́. Mo rí i. Mo sì bá a sọ̀rọ̀ lórí ìwé.

Ní ọdún 1852, nígbà tí Franziska ọmọ Marx kú ní Soho, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún kan, kò sí owó pósí nínú ilé. Aládùúgbò wọn kan, ará Faransé tí ó sá wá sí London, ni ó fún ìyá ọmọ náà ní £2. Bàbá ni ó kọ́ mi ní ìtàn yìí. A dá owó, a sin Bàbá dáadáa, kò ku ẹnìkan nínú yín tí kò fi nǹkan sí i, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tọkàntọkàn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti gbé ìwé aláwọ̀ ewé náà fún mi. Ọ̀rọ̀ mọ́kànlélógójì ni ó wà nínú rẹ̀, òfo sì wà níwájú mẹ́rìndínlógún. N kò lè ṣèlérí pé a óò parí ìdìpọ̀ kìn-ín-ní lọ́dún tí ń bọ̀, nítorí pé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà ti jẹ́ kí á pa ìpàdé mẹ́ta jẹ láti oṣù kọkànlá. Ṣùgbọ́n a óò jókòó ní Sátidé kejì oṣù kìn-ín-ní, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, níbi tí ẹ mọ̀. Orí kọkànlá ni ó kàn, èyí tí ó dá lórí ìwọ̀n àṣelé àti àpapọ̀ rẹ̀. Ìyá aránṣọ ní òun yóò ti ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́rin lọ́jọ́ náà, kí àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè bá òun wá.